Ìrépé Sányán Kan Péré Ni Mo Fẹ́

Thamesmead, London
Ọjọ́ 9, oṣù Ẹrẹ́nà, 2025

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ilé ńkọ́? Àwọn ejìrẹ́ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Ṣé ooru Ìbàdàn ò tíì pa yín? Mo mọ̀ pé o ń bínú. Láti ọdún tuntun, yàtọ̀ sí "ẹ kú ọdún" orí fóònù, o ò gbúròó mi. Bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n má pẹ́ níbẹ̀, torí iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ rán ọ. Ìdí lẹ́tà yìí ni mo tọ́jú ẹ̀ sí, kí o lè kà á dé ibẹ̀.

Yàrá ẹ̀yìnkùlé ti dìde. Èyí tí mo ti ń pariwo ẹ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn, pé ẹ̀rọ ìránṣọ mi gbọ́dọ̀ kúrò lórí tábìlì tí àwọn ọmọ fi ń jẹun. Pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ láti ìta, wọ́n ki nǹkan bí òwú sí àárín ògiri nítorí òtútù, wọ́n wá rẹ́ inú ẹ̀. Ó gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 3. Kò ga. Òfin ibí ni pé bí irú yàrá bẹ́ẹ̀ kò bá jìnnà tó mítà 2 sí ọgbà aládùúgbò, kò gbọdọ̀ ga ju mítà 2.5 lọ, àfi bí o bá lọ gba ìwé àṣẹ. Bàbá àwọn ọmọ máa ń tẹrí ba bó bá fẹ́ wọlé, orí rẹ̀ ò sì kan nǹkan kan rí. Mo ní bóyá yàrá náà ló ń kí.

Kíkọ́ ọ gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀dà tí a ó kùn sí i ti gba oṣù méjì báyìí, a ò tíì rí i parí.

Funfun ni mo kọ́kọ́ mú. Mo ní aránṣọ ni mí, funfun ò ní í bá aṣọ ẹnikẹ́ni jà. Mo ra rọ́bà lítà 5, torí mo ti ṣírò ẹ̀: bí o bá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò, ògiri tó kù tó bíi mítà onígun mẹ́rin 26, ẹ̀ẹ̀mejì la ó kùn ún, lítà kan sì ń kárí nǹkan bí 12. Ìṣirò mi pé. Ohun tí mi ò ṣe ni kí n ka ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn rọ́bà. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ máa ń mu omi bí ọmọ tó ti oko dé. Ọ̀dà tó bá kọ́kọ́ kàn án, omi la fi ń là á dáadáa kó lè wọ inú ògiri lọ. Èmi da tèmi lé e bó ṣe ki. Ògiri fa omi inú ẹ̀ mu, ọ̀dà wá dúró lókè láìdi nǹkan kan mú. Nígbà tí mo fi rólà ẹlẹ́ẹ̀kejì lé e, ó ń bó tẹ̀lé rólà bí èèpo àlùbọ́sà. Odindi ọjọ́ Sátidé ni mo fi họ ọ́ kúrò. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra kí bàbá àwọn ọmọ má baà rí mi. Òun ló ti sọ pé ká gbé e fún akunlé, èmi ni mo ní kí ló wà nínú ọ̀dà kíkùn.

Mo tún un kùn, ó dúró. Mo dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, funfun mi ti di àwọ̀ ewé.

Mi ò ṣàwàdà o. Iwájú ilẹ̀kùn gíláàsì yẹn, koríko ni láti ibẹ̀ títí dé ilé ìdáná. Ìmọ́lẹ̀ á kọ́kọ́ bọ́ sórí koríko, á gbé àwọ̀ koríko dání wọlé, ògiri funfun ò sì ní ìtìjú, ohun tí wọ́n bá gbé fún un ló ń gbà. Oníbàárà mi kan tó gbé léèsì funfun wá fún ìnáwó wò ó lọ́wọ́ mi, ó ní, "Àǹtí, ṣé tèmi lẹ gbé yìí? Tèmi funfun ju báyìí lọ." Àfi ìgbà tí a jọ gbé e jáde síta ló tó gbà pé òun náà ni.

Oòrùn náà tún dá kún un. Níbi tí o wà, àárín orí ni oòrùn ń gbà kọjá. Ilé kọjú síhìn-ín, ilé kọjú sọ́hùn-ún, ìmọ́lẹ̀ náà ni. Níbí, apá gúúsù ló ń tọ̀ lọ. Ní oṣù Òkúdù, aago mẹ́sàn-án alẹ́ á lù, ojúmọ́ ò tíì lọ. Ní oṣù Ọ̀pẹ, kì í ga ju orí òrùlé lọ, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kì í sì í bá a lókè. Àríwá gan-an ni ilẹ̀kùn gíláàsì tèmi wá kọjú sí. Oòrùn kì í wọlé kí mi rárá, ìmọ́lẹ̀ tútù tó dà bí omi tí wọ́n fi ṣan aró ló ń rán sí mi. Àwọ̀ tó bá rẹwà lórí káàdì, bó bá dé inú ìmọ́lẹ̀ yẹn, ó máa ń rẹ̀ ẹ́.

Ni mo bá padà sí ṣọ́ọ̀bù. Káàdì àwọ̀ tó wà níbẹ̀ nípọn ju ìwé orin lọ. Àwọn orúkọ tí òyìnbó fún wọn ńkọ́? Farrow & Ball, ilé iṣẹ́ ọlọ́dà kan, ní èyí tó ń jẹ́ Elephant's Breath: èémí erin. Eérú kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Ta ló sún mọ́ erin débi tó fi mọ àwọ̀ èémí ẹ̀? Wọ́n tún ní Dead Salmon, òkú ẹja. Mo ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó gbọ́ pé "òkú" ibẹ̀ kò kan ikú ẹja, pé ọ̀dà tí kì í dán ni àwọn akunlé ayé àtijọ́ ń pè bẹ́ẹ̀. Ìyẹn yé mi. Àwa náà ń sọ pé ọ̀bẹ kújú, ẹnì kan ò sì gbẹ́lẹ̀ sin ín.

Gbogbo ilé ló dá sí i. Bàbá àwọn ọmọ ní àwọ̀ eérú ni ká kùn, torí àwọ̀ náà ló wà nílé gbogbo èèyàn ládùúgbò. Mo ní eérú lójú ọ̀run, eérú lórí títì, ká tún wá kó o wọlé. Ọmọ mi obìnrin ní píńkì. Ìyá mi, lórí fóònù, bèèrè pé ṣé funfun ni, àbí pupa, àbí dúdú. Mo fi ìyeyè hàn wọ́n, wọ́n ní pupa. Mo fi èyí tó dà bí aró hàn wọ́n, wọ́n ní dúdú, ṣé yàrá ni mò ń kùn tàbí ihò. Ọmọ mi ní màmá àgbà ò mọ àwọ̀. Mo ní màmá àgbà mọ àwọ̀ jù ọ́ lọ, agbo mẹ́ta ni wọ́n kàn pín in sí. Bi wọ́n léèrè orúkọ aṣọ, kí o wá wò ó bóyá ilẹ̀ ò ní í ṣú mọ́ ọ níbẹ̀.

Ọgbọ́n kan wà tí mo rí kọ́, tí màá fi tọrẹ fún ọ bí o bá fẹ́ kun pálọ̀ yín: má dán ọ̀dà wò lára ògiri. Èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á máa tàn ọ́ jẹ. Ra agolo kékeré tí wọ́n ń tà fún ìdánwò, kùn ún sí páálí lẹ́ẹ̀mejì, kí o máa gbé páálí náà kiri, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn láàárọ̀, igun tó ṣókùnkùn lọ́sàn-án, abẹ́ iná lálẹ́. Mo kùn páálí mẹ́jọ. Èyí tí mo fọkàn sí jù, ìyeyè bí òróró àgbàdo, mo rò pé á fún wa ní oòrùn tí a ò ní. Lọ́sàn-án, ó dà bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Lálẹ́, ẹ̀bà elépo. Apá kan ẹ̀bi tiẹ̀ jẹ́ ti gílóòbù: èyí tí wọ́n kọ 2700 sí lára ń tan ìmọ́lẹ̀ bíi ti àtùpà. Mo ti pààrọ̀ ẹ̀ sí 4000, ó funfun jù ú lọ, mo sì ti lè mọ òwú aró yàtọ̀ sí òwú dúdú lálẹ́.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ìyá kan láti Peckham gbé sányán wá. Ti ìyá ìyá wọn ni, wọ́n fẹ́ kí n fi rán agbádá fún ọmọ wọn tó ń gbéyàwó. Kì í ṣe òwú tí wọ́n pa láró kó lè jọ sányán o. Sányán gidi, tí wọ́n ran láti ara ilé tí kòkòrò kọ́ sórí igi nínú igbó, tí ẹnikẹ́ni ò fi kan aró. Mo gbé e kọ́ sára ògiri kí ojú ìká ẹ̀ lè tú. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Láàárọ̀, èèpo ẹyin adìẹ ìbílẹ̀. Lọ́sàn-án tí òjò ṣú, iyanrìn odò. Lálẹ́, tíì tí mílíìkì wà nínú ẹ̀. Koríko gbé àwọ̀ ẹ̀ wọlé títí, sányán ò gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Léèsì funfun tí mo tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ padà di funfun. Ìyá Ìbejì, èmi nìkan ni mo bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá yẹn. Sányán baba aṣọ! Ọjọ́ wo la ò sọ ọ́ lóde àríyá, mi ò rò ó rí pé ó lè jẹ́ baba ògiri.

Kí n tó ronú kan ṣọ́ọ̀bù, ìyá náà ti wá gbé aṣọ wọn. Mi ò sì lè ní kí wọ́n yọ agbádá ọkọ ìyàwó.

Ìsàlẹ̀ ògiri ti yanjú, àwọ̀ aró aṣọ ẹtù ni. O rántí ilé bàbá yín, bí wọ́n ṣe kun ìsàlẹ̀ ògiri ìta ní dúdú torí ẹrẹ̀ tí òjò ń ta sí i? Ibẹ̀ ni mo ti jí i. Dé ibi sẹ̀ǹtímítà 90 sókè, ibi tí àga ń gbá, tí àwọn ọmọ ń fi bàtà tì, ẹtù ni màá kùn. Ẹ̀rọ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù, kò tóbi ju agolo mílíìkì lọ; wọ́n á gbé ẹnu ẹ̀ lé ohunkóhun tí o bá mú wá, á tan iná sí i, á sì sọ àwọn àwọ̀ tí wọ́n máa pò pọ̀ kó tó rí bẹ́ẹ̀. Mo gbé ìborùn ẹtù mi lọ. Àwọn ìlà funfun tín-ín-rín inú ẹ̀, ẹ̀rọ kà wọ́n mọ́ ọn, ohun tí wọ́n pò fún mi wá di àwọ̀ yunifọ́ọ̀mù wa ní kíláàsì kìíní. Lẹ́ẹ̀kejì, mo wá ibi tí òwú aró ti ṣù, mo ká aṣọ ní ìpele mẹ́rin kí ìmọ́lẹ̀ má baà là á kọjá. Ẹtù jáde. Lítà 2 àti ààbọ̀ ti wà lábẹ́ tábìlì mi.

Iṣẹ́ náà nìyí. Ìyá ọkọ rẹ, Ìsẹ́yìn ni wọ́n ń gbé, ẹni tó ń hun aṣọ ò sì ní í wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bá mi kí wọn dáadáa, kúnlẹ̀ fún mi, kí o bá mi tọrọ ìrépé sányán kan tí màá gbé fún ẹ̀rọ yẹn kà, fún òkè ògiri. Sányán gidi ni o. Má jẹ́ kí wọ́n gé aṣọ ẹnikẹ́ni nítorí mi. Èyí tó ṣẹ́kù níbi ìránṣọ tó. Fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ mi ti pọ̀ jù, kó ṣáà lè ṣe é ká ní mẹ́rin. Kó jẹ́ apá tí kò ní ìlà funfun. Má fọ̀ ọ́, má sì sá a sóòrùn. O ní àbúrò bàbá ìbejì ń bọ̀ wá síbí kí Àjíǹde tó dé: fi sínú àpòòwé, kó ki í sáàárín ìwé kan kó má baà ká kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá rí àyè dé ọ̀dọ̀ wa, bàbá àwọn ọmọ á lọ pàdé ẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Mi ò tíì sọ fún un.

Kí àwọn ejìrẹ́ fún mi. Ká yọ̀ mọ́ bàbá wọn. Kọ̀wé sí mi, má fóònù. Mo fẹ́ rí ọwọ́ ìkọ̀wé burúkú rẹ yẹn.

Èmi ni,
Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rẹ, tí kò pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ́.