Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ara

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìròyìn yín lórí àwọn tí dókítà ń ní kí wọ́n lọ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú ọkàn nítorí ìrora ara, inú mi ò sì dùn sí i rárá. Àìsàn ara, ara ni kí wọ́n tọ́jú.

Fòníkú-fọ̀ladìde ló ń ṣe ọmọ àbúrò mi. Tó bá ti dé sí i, ọwọ́ á wú, orúnkún á le gbandi, kò ní lè fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé ló ń dí iṣan tín-ín-rín. Síbẹ̀, wọ́n ní àníyàn ló ń dà á láàmú, kó lọ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Nínú irú ìrora yẹn, ta ni ò ní ṣàníyàn?

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ NICE, tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fáwọn dókítà, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2021 pé irú ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ sísọ bẹ́ẹ̀ kì í wo àìsàn ME, tó ń tán èèyàn lókun, sàn.

Èmi ò ní ká má tu aláìsàn nínú o. Kí wọ́n ṣáà kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, kí wọ́n fún un lóògùn ìrora.

Aránṣọ kan,
Kétu