Lẹ́tà sí Àkànní: akólòlò tó pe baba

Àkànní mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Ìyá rẹ ló sọ fún mi pé wọ́n ní kí o kàwé sókè nínú kíláàsì lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé o dìde, o di ìwé mú, o sì dúró bẹ́ẹ̀ títí olùkọ́ fi ní kí o jókòó. Kò wá fi ọ́ sùn, ọ̀rọ̀ náà ló ń dùn ún. Ó ní láti ọjọ́ náà, orí ni o fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, orí náà ni o sì fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mo mọ ìdúró yẹn. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méjìlá bíi tìrẹ, orúkọ ara mi gan-an ló máa ń há sí mi lẹ́nu, nítorí lẹ́tà B ló fi bẹ̀rẹ̀. Ètè mi á pàdé, wọn kò sì ní í ṣí mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi á bá mi parí rẹ̀, wọ́n á tún fi òwe lé e pé, bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Àwọn àgbà tó dá òwe náà fẹ́ fi tuni nínú ni, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń pa á mọ́ kì í gbọ́ ọ bí ìtùnú. Ó tó ogún ọdún tí mo fi kórìíra rẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà ló jẹ́ kí n tún un gbọ́, òun ni mo sì fẹ́ sọ fún ọ.

O ti mọ ohùn rẹ̀ kí o tó mọ orúkọ rẹ̀. Mufasa, bàbá Simba nínú fíìmù The Lion King, kìnnìún tí ìwọ àti àbúrò rẹ ti wò títí ẹ fi mọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sórí, ohùn ọkùnrin yìí ni wọ́n fún un. James Earl Jones ló ń jẹ́. Akólòlò ni.

Ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1931 ni wọ́n bí i ní Arkabutla, ìletò kan ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Bàbá rẹ̀, Robert Earl Jones, ti fi ilé sílẹ̀ kí ọmọ náà tó lè mọ ojú rẹ̀. Akànṣẹ́ ni, kó tó wá di òṣèré. Àwọn òbí ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tó di ọmọ bí ọdún márùn-ún, wọ́n kó gbogbo agbo ilé lọ sí oko kan ní Michigan, lápá àríwá níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ìṣípò yẹn ló sì da ahọ́n ọmọ náà rú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò, ojú ń tì í, ó bá pa ẹnu dé. Bí ọdún mẹ́jọ ló fi wà bẹ́ẹ̀ tí kì í fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀. Àwọn ẹran ọ̀sìn inú oko ló ń bá sọ̀rọ̀ dáadáa, nítorí màlúù kì í bá èèyàn parí gbólóhùn.

Nílé ẹ̀kọ́ kan ní abúlé Brethren ni olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Donald Crouch ti ṣàkíyèsí pé ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ yìí ń kọ ewì. Lọ́jọ́ kan, Jones kọ ewì nípa èso kan tó jọ ọsàn, ṣùgbọ́n tó tóbi ju ọsàn lọ, tó sì máa ń korò díẹ̀ lẹ́nu. Crouch kà á, ó ní ó dára débi pé ó ṣòro láti gbà pé Jones ló kọ ọ́, àti pé bí Jones bá kọ ọ́ lóòótọ́, kó dìde kó kà á lórí níwájú gbogbo kíláàsì. Rò ó wò, Àkànní. Kó sọ̀rọ̀ tàbí kí wọ́n pè é lólè. Ó dìde, ó la ẹnu, ewì náà sì jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí ọ̀rọ̀ kan tó há.

Gbogbo ẹni tó ń sọ ìtàn yìí ló máa ń yin olùkọ́ náà, Jones fúnra rẹ̀ sì yìn ín títí. Èmi kò ní í bá wọn yìn ín tán. Ewu ńlá ni ọkùnrin yẹn fi ọmọ ọlọ́mọ wé, bí ọ̀rọ̀ bá sì há lọ́jọ́ náà, bóyá à bá má gbọ́ ohùn yẹn láé. Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ ni pé ewì ni ó kà. Ewì ní ibi tí wọ́n ti ń mí, ó ní ìlù tirẹ̀ nínú, ahọ́n sì mọ ibi tí ẹsẹ̀ tó kàn máa bọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí ìwọ náà kì í fi í kólòlò rárá bí o bá ń kọrin pẹ̀lú àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì yín, bí a tilẹ̀ ń pè ọ́ ní odi nílé.

Láti ìgbà náà ni Crouch ti ń mú un kàwé sókè. Ó wọ Yunifásítì Michigan pẹ̀lú èrò pé òun á di dókítà, ó yà sí ẹ̀kọ́ tíátà, ó ṣe iṣẹ́ ológun, lẹ́yìn náà ó forí lé New York, níbi tó ti ń gbálẹ̀ kó lè rí owó jẹun bó ṣe ń kọ́ṣẹ́ eré. Ó ti lé ní ọmọ ogún ọdún kí òun àti bàbá rẹ̀ tó wá mọ ara wọn. Níbí yìí ni òwe yẹn ti kọ́kọ́ dún sí mi létí lọ́nà mìíràn.

Nítorí wo àwọn ẹni tó ṣe lẹ́yìn náà. Akànṣẹ́ aláwọ̀ dúdú ló ṣe ní Broadway, àdúgbò tíátà ńlá ní New York, lọ́dún 1968 nínú The Great White Hope, eré tó gba Tony, àmì ẹ̀yẹ eré orí ìtàgé, fún un, tí wọ́n sì fà á kalẹ̀ fún Oscar, àmì ẹ̀yẹ fíìmù, nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di fíìmù. Lọ́dún 1979, ó ṣe Alex Haley lórí tẹlifíṣọ̀n, òǹkọ̀wé tó lọ wá orírun àwọn bàbá ńlá rẹ̀ dé Gáńbíà. Lọ́dún 1987, ó gba Tony kejì fún eré Fences, níbi tó ti ṣe bàbá líle tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn ọmọ. Lọ́dún 1988, òun ni ọba tó lọ wá ọmọ rẹ̀ dé New York nínú fíìmù Coming to America, tí èmi àti ìyá rẹ fi rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn wá. Mufasa dé lọ́dún 1994. Àmì ẹ̀yẹ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní Emmy, méjì ló gbà lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún 1991, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ka àmì ẹ̀yẹ fún ọ.

Fíìmù Star Wars ni kí n sọ. Lọ́dún 1977, ẹlòmíràn ló wọ aṣọ dúdú Darth Vader, ìkà inú fíìmù náà, Jones kàn wá fi ohùn sí i ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ni, dọ́là 7,000 ni wọ́n san fún un, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí wọ́n má kọ orúkọ òun sí ìparí fíìmù náà. Nígbà tí èyí tó tẹ̀ lé e jáde lọ́dún 1980, ohùn yẹn kan náà ló sọ fún ọ̀dọ́kùnrin tó ń bá a jà pé òun ni bàbá rẹ̀. Kò sí gbólóhùn inú fíìmù kan tí àwọn èèyàn ń sín jẹ tó o. Ẹni tó sì sọ ọ́ ni ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ní Mississippi, akólòlò tó lo ọdún mẹ́jọ láì fẹ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo ro èyí dé ibẹ̀, mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo jókòó sínú òkùnkùn fún ìgbà díẹ̀.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí wá ni pé ìkólòlò rẹ̀ kò sàn. Títí ó fi darúgbó ló ń sọ pé akólòlò ṣì ni òun, pé òun kàn mọ bí òun ṣe ń bá a gbé ni. Ìrọra tí o ń gbọ́ nínú ohùn Mufasa, tí a ń pè ní ohùn ọba, lójú tèmi, ìṣọ́ra ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè há nígbàkigbà ni. Lọ́dún 2022, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé eré kan ní Broadway. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ló kú, ní ẹni ọdún 93.

Mò ń pe fóònù yín lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Ní gbogbo ìgbà tí o bá gbé e, mo máa ń gbọ́ bí o ṣe ń mí, lẹ́yìn náà ni mo máa ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, má fún un ní fóònù náà. Owó ìpè kò wọ́n mọ́ bíi ti àtijọ́, n kò sì ní ibi kankan tí mo ń lọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ,
Bàbá Ìbàdàn