Àbẹ̀kẹ́, gbé kànìnkànìn yẹn jù

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo gbọ́ pé kànìnkànìn lo fi ń ha ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún rẹ láràárọ̀ ní Àjàṣẹ́, kí èépá funfun yẹn lè ṣí kí o tó jáde. Jọ̀wọ́, gbé e jù. Psoriasis, àìsàn awọ tó ń ṣe ọ́ yìí, kì í ṣe ìdọ̀tí. Awọ ẹlòmíràn ń lo bí oṣù kan kí tuntun tó rọ́pò àtijọ́. Ọjọ́ 3 sí 4 ni tìrẹ, torí àwọn ọmọ ogun ara ń sáré níbi tí kò sógun. Ohun tó ń dì jọ nìyẹn. Bí o bá ha á bó, ojú ọgbẹ́ yẹn gan-an ni òmíràn lè ti yọ lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14. Irun tí wọ́n dì le koko lè ṣe bẹ́ẹ̀ lórí.

Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí o fi wẹ̀, kó má ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Fi táwẹ̀lì tẹ ara, má fi nù ún. Kí ìṣẹ́jú 3 tó pé, fi òrí pa á. Ìpara tí dókítà kọ fún ọ, tẹ̀ ẹ́ jáde láti ṣóńṣó ìka ìlábẹ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́. Ó tó fún ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì pẹ̀lú ìka wọn. Ibi tó nípọn nìkan o, má fi kan ojú. Bí ọjọ́ tó dá bá pé, padà lọ bá a.

Ìpara ìbóra ọjà ńkọ́? Má dán an wò. Clobetasol, oògùn awọ tó le gan-an, wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ara á kọ́kọ́ dán bí ẹní ti sàn, awọ á wá fẹ́lẹ́, ọjọ́ tí o bá sì dá a dúró lójijì, àìsàn náà lè padà pẹ̀lú ìbínú.

Ní ti àwọn tó ń pè é ní ẹ̀tẹ̀: ojú ẹ̀tẹ̀ kì í sábà mọ ìfọwọ́kàn, tìrẹ ń yún. (Ẹ̀tẹ̀ náà sì ní oògùn, kò yẹ ká fi bú ẹnikẹ́ni.) Kí onídìrí tó fọwọ́ kàn ọ́, sọ fún un pé: "Kì í ràn. Ẹ má fà á le, ẹ má fi kóòmù ha á." Ó tán. Ẹni tó bá tún béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òfófó ló ń wá. Má sì fi aṣọ apá gígùn bo ara nínú ooru. Òógùn á mú un yún sí i.

Bí ibà bá mú ọ, sọ fún nọ́ọ̀sì pé o ní psoriasis kó tó fún ọ ní oògùn, torí chloroquine lè ru ú sókè. Bí oríkèé ìka bá wú, tó ń le gan-an fún ju ìṣẹ́jú 30 lọ láràárọ̀, má dúró dè mí, lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yẹn. Oríkèé tó bá ti bàjẹ́ kì í padà bọ̀ sípò.

Mo fi agolo òrí kan rán onítakisí láti Ṣábẹ̀ẹ́. Òórùn rẹ̀ le díẹ̀. Má fi lọ́fíńdà sí i.

Ìyá rẹ