Iṣẹ́ abẹ ìsanrajù kì í ṣe ọ̀rá fífà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn òǹkàwé yín, nítorí púpọ̀ nínú wa ló ń pe iṣẹ́ abẹ ìsanrajù ní ọ̀rá fífà. Ọ̀tọ̀ gbáà ni wọ́n. Ọ̀rá abẹ́ awọ ni wọ́n ń fà kí ìrísí lè dára. Kì í wo ìtọ̀ ṣúgà. Iṣẹ́ abẹ tí mò ń sọ ń yí àpòlúkù àti ìfun fúnra wọn padà, ó sì lè mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ kí ara tó fúyẹ́ rárá.

Ta ló tọ́ sí? Ẹ fi gíga ẹni ní mítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ wá fi èsì rẹ̀ pín iye kílò tó wọ̀n. Ẹni tó ga ní mítà 1.65 tó sì wọn kílò 120 yóò ní 44. Láti 1991, 40 ni òṣùwọ̀n náà, tàbí 35 fún ẹni tí ìsanrajù ti kó àìsàn bá. Ní 2022, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ yìí ní Amẹ́ríkà àti ti àgbáyé ní kó jẹ́ 35, àìsàn mìíràn ì báà wà, ì báà má sí.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Nínú àkọ́kọ́, wọ́n á gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù sọnù, èyí tó kù á rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Apá tó lọ yẹn ni èròjà tó ń fa ebi ti ń jáde jù. Kò ṣeé dá padà, ó sì lè mú kí nǹkan burú sí i fún ẹni tí omi kíkan ti ń gòkè wá sí ọ̀fun rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èkejì ni ti àbùjá: wọ́n á ya àpò kékeré tó ń gba nǹkan bí mìlílítà 30 sọ́tọ̀ lókè àpòlúkù, wọ́n á so ìfun mọ́ ọn. Ẹni bẹ́ẹ̀ tó bá mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ṣúgà á já lu ìfun lẹ́ẹ̀kan náà: àyà á máa lù kìkì, òógùn á bò ó, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀lé e. Sìgá àti oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac sì lè dá ọgbẹ́ sí ojú ibi tí wọ́n so pọ̀.

Àwọn tí wọ́n ṣe é fún lókè òkun tí wọ́n sì tètè padà wálé ló ń ká mi lára jù. Ojú ibi tí wọ́n gán lè jò. Bí ọkàn bá ń lù ju ìgbà 120 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tí inú ń ro ó, tí ara gbóná tàbí tí èjìká òsì ń dùn ún, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ibà, kí wọ́n má sì lọ ra oògùn ibà. Ilé ìwòsàn ńlá ni, lọ́jọ́ náà gan-an.

Bákan náà ni èébì tí kò dá. Ó ń gbọ́n fítámì B1 tán lára, ẹni náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan ní méjì-méjì, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Bí nọ́ọ̀sì bá sáré fa omi ṣúgà sí i lára kí ó tó gba B1, ọpọlọ lè bàjẹ́ pátápátá. B1 ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Kí aláìsàn máa mú ìwé tí wọ́n kọ orúkọ iṣẹ́ abẹ rẹ̀ sí kiri.

Fítámì di ti títí ayé: B12, èròjà irin, àti kálísíọ́mù mìlígíráàmù 1,200 sí 1,500 lójúmọ́, tí wọ́n pín sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta. Kí wákàtí méjì wà láàárín kálísíọ́mù àti irin, torí wọ́n ń dínà fún ara wọn. Ẹja, ẹyin tàbí mọ́ínmọ́ín ni kó kọ́kọ́ jẹ kó tó kan òkèlè, kó tó purotéènì gíráàmù 60 ó kéré tán lóòjọ́. Omi di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ. Kí obìnrin má lóyún fún oṣù 12 sí 18.

Kí ẹnikẹ́ni tó sanwó, kó béèrè ẹni tí yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní oṣù kẹta, oṣù kẹfà àti lọ́dọọdún. Bí wọn kò bá rí ẹnì kan dárúkọ, kó mú owó rẹ̀ padà sílé ná.

Òǹkàwé yín, Ìbàdàn