Bar 59 àti Ọ̀gá wa

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí àwòrán ọmọ tí o fi ránṣẹ́, imú rẹ gan-an ló gbé wá. Ara mi le, wọ́n ti tún òrùlé gbọ̀ngàn ṣe, kò jò mọ́. Ó tán. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá tó kọ́ wa ní fèrè ìwo ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Símfónì Karùn-ún ti Beethoven, orin ńlá fún odidi ẹgbẹ́ olórin, la ó ṣe níparí oṣù tó ń bọ̀. O mọ̀ pé ìdákẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: kí ohùn mẹ́rin yẹn tó dún, èmi tí mo ń darí ní láti ju ọ̀pá ìdarí sínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí gbogbo wọn bá mi mí pọ̀. Àyà mi ṣì máa ń já níbẹ̀ títí dòní. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, bar 59, ìlà kékeré kọkàndínlọ́gọ́ta nínú ìwé orin náà, ló ń já mi láyà.

Fèrè ìwo nìkan ló ń pè níbẹ̀, àwọn yòókù á ti dákẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ohùn àkọ́kọ́ fọ́ mọ́ Ọ̀gá lẹ́nu. A tún un ṣe, ó tún fọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n fọn ún gbá, bíi ti ìgbà tí èmi àti ìwọ ń yọ́ wọ yàrá ẹ̀yìn lọ gbọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnì kejì. Àwọn ọ̀dọ́ tẹjú mọ́ ìwé orin wọn bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ọ̀gá nu ẹnu fèrè, wọ́n ní ètè àwọn ló gbẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà.

Alákòóso ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n sọ fún wọn kí wọ́n fi àga àkọ́kọ́, ipò aṣáájú àwọn tó ń fọn fèrè ìwo, sílẹ̀. Ó tún fẹ́ dín ìdánrawò mẹ́rin kù sí méjì nítorí owó. Inú bí mi. Mo sọ fún un pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Símfónì yìí jáde ní Vienna, lọ́jọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1808, ìdánrawò kò tó. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi wà nínú òtútù, nígbà tó sì kan iṣẹ́ mìíràn tó kẹ́yìn ètò alẹ́ náà, orin dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́, Beethoven dá wọn dúró, wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Alákòóso wá fi ìdánrawò mẹ́ta sílẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá ò kúrò nílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, èmi tí mo dúró níwájú ni mi ò dún rárá. Èémí ẹlòmíràn ni mo fi ń jẹun. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ẹni tó kọ́ wa bí a ti ń mí pé èémí wọn ti ń tán?

Mo ń ro bassoon, fèrè onígi gígùn tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Nígbà tí ìpè bar 59 yẹn bá padà wá lẹ́yìn náà, bassoon ni Beethoven gbé e fún, torí fèrè ìwo ayé ìgbà náà kò ní ibi títẹ̀ bíi tòde òní, kò lè rí ohùn náà fọn dáadáa. Àwọn olùdarí kan máa ń dá a padà fún fèrè ìwo. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ràn bí ó ṣe dún lẹ́nu ẹni tó bá a gbé e.

Ẹni tó ń fọn fèrè ìwo kejì ti lọ fún ìsinmi ìbímọ. Àga rẹ̀ ṣófo. Jọ̀ọ́, ṣé o lè wá? Ọ̀sẹ̀ méjì péré. Bí ìwọ bá ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n bá yín di àga yìí mú lẹ́ẹ̀kan yìí," wọ́n lè gbà. Bí èmi bá sọ ọ́, wọn á gbé fèrè wọn lọ sílé. Bí wọn ò bá sì gbà, ṣáà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo kọ̀wé o. Ìwé orin rẹ tí o fi pẹ́ńsù pupa kọ nǹkan sí ṣì wà lọ́dọ̀ mi, mo ti gbé e sórí àga náà.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ rẹ.