Ẹ jọ̀ọ́, ìtọ́jú efinrin kọ́ ni ìtọ́jú ewé tíì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn yìí, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé yín àmọ́ mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ báyìí ni ohun tí mo kà ní abala ọ̀gbìn lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tẹ́ ẹ ti ní ẹni tó bá gbin efinrin àti ewé tíì sẹ́yìn kíṣìnnì kó máa bomi rin méjèèjì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ti dí jù kó fàdá gé wọn mọ́lẹ̀, pé wọ́n á tún hù. Mi ò bá yín jà o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí ohun tó pa efinrin mi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn gan-an nìyẹn.

Efinrin ńlá ni mò ń sọ, èyí tó máa ń ga ju èèyàn lọ, kì í ṣe efinrin wẹ́wẹ́. Màmá mi ló gé ẹ̀ka kan fún mi nígbà tí mo ń lọ sílé ọkọ, mo wé e sínú bébà tútù, mo gbé e wá sí Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni mo sì ti ń já a sọ́bẹ̀ títí màmá fi kú. Ní December ọdún yẹn mo ní kí ọmọkùnrin kan bá mi ro àyíká ilé, mi ò sí nílé lọ́jọ́ náà. Ó gé ewé tíì, ó kù bí ìka ọwọ́ méjì sókè ilẹ̀. Ó bọ́ sórí efinrin, ó gé òun náà mọ́lẹ̀ pátápátá, ọyẹ́ sì ń fẹ́, òjò ò rọ̀ títí di oṣù kẹta. Nígbà tí òjò máa dé, ewé tíì ti rú bí ẹni pé nǹkan ò ṣe é, kùkùté efinrin ti gbẹ bí igi ìdáná. Mo ń bomi sí i lójoojúmọ́, mò ń wò ó, kò yọ ẹyọ ewé kan.

Ọmọ yẹn ò mọ̀ ni, èmi náà ò mọ̀ nígbà yẹn. Koríko ni ewé tíì, ìyẹn ni àwọn àgbà ṣe ń pè é ní koríko ọba, ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀ ni ọmọ tuntun ti ń yọ, tẹ́ ẹ bá fi bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tẹ́ ẹ gé èyí tó kù, ẹ ò tíì fọwọ́ kan ibi tí ẹ̀mí rẹ̀ wà. Efinrin ní tiẹ̀ ń di igi bó ṣe ń dàgbà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á le, ara oríkèé, níbi tí ewé méjì ti kọjú síra, ni ẹ̀ka tuntun ti ń jáde. Ẹni tó bá gé e kọjá gbogbo ibi tí ewé wà, pàápàá nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kò fi ojú kankan sílẹ̀ fún un tó máa fi rúwé. Ọwọ́ la fi ń já efinrin, àdá kọ́. Ẹ já ọ̀mùnú rẹ̀ lókè oríkèé, ẹ̀ka kan á di méjì, bẹ́ẹ̀ lẹ máa ṣe lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ tí igi náà á fi dí bí agboòrùn. Tó bá fẹ́ yọ òdòdó kẹ́ ẹ tètè já a dànù, torí tó bá ti ráyè so èso tán, ewé á kéré, á le, adùn rẹ̀ nínú ọbẹ̀ á dín. Ẹ lè fi ẹ̀ka kan ṣoṣo sílẹ̀ kó so. Èso rẹ̀ kéré gan-an, ẹ má rì í mọ́lẹ̀ o, ẹ kàn wọ́n ọn sórí ilẹ̀ tútù kẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

Ewé tíì kì í sábà yọ òdòdó lọ́dọ̀ wa níbí, ká má tiẹ̀ wá sọ ti èso. Pípín la máa ń pín in. Bíi ọdún mẹ́ta mẹ́ta ẹ hú gbogbo ìdí rẹ̀, torí àárín rẹ̀ á ti máa kú, ẹ fà á ya, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbòǹgbò díẹ̀, ẹ gé ewé rẹ̀ kúrú, kẹ́ ẹ tún un gbìn kó jìnnà síra tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn o, ewé yẹn ń ya èèyàn lára bíi bíléèdì. Tèmi wà létí gọ́tà níbi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ Abẹ́òkúta, òkúta ló pọ̀, àgbàrá máa ń kó iyẹ̀pẹ̀ lọ, ewé tíì yìí ló dì í mú. Oòrùn gangan ló fẹ́. Efinrin lè gba ibòji díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ògiri kíṣìnnì tí oòrùn àárọ̀ ń kàn dára fún un, ibẹ̀ náà ló yẹ kó wà kéèyàn lè sáré já a tí ọbẹ̀ bá wà lórí iná.

Ọ̀rọ̀ omi ló wá kàn. Àwọn méjèèjì máa ń ní ewé tútù yípo ọdún, ẹ̀ẹ̀rùn kì í ká wọn lórí bíi ti igi àràbà, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n jọra lójú ẹni tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ewé tíì lè dúró de omi fọ́jọ́ mélòó kan, ṣóńṣó ewé rẹ̀ á kàn máa pọ́n ni. Efinrin kì í lè dúró, á sorí kọ́. Nǹkan kan wà tó jẹ́ pé ó pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n: tó bá sorí kọ́ lọ́sàn-án gangan, ẹ fi sílẹ̀, oòrùn ló mú un, á gbérí nírọ̀lẹ́. Tó bá ṣì sorí kọ́ láàárọ̀ kùtù, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ nìyẹn, ẹ bomi sí i. Ẹni tó bá ń da omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ nígbà òjò, pàápàá inú ike pẹ́ńtì tí wọn ò lu ihò sí ìdí rẹ̀, gbòǹgbò ló ń jẹrà fún un yẹn.

Ìgbẹ́ adìẹ, kó ti pẹ́ nílẹ̀ kó jẹrà dáadáa o, díẹ̀ ló tó efinrin, tó bá pọ̀ jù ewé á fẹ̀ àmọ́ òórùn rẹ̀ á fúyẹ́. Tata lọ̀tá rẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, omi ewé dongoyaro tí mo gún tí mo sẹ́ ni mo máa ń wọ́n sí i. Ewé tíì kì í ní wàhálà tata lọ́dọ̀ mi, kẹ́ ẹ kàn máa kó èyí tó gbẹ kúrò nídìí rẹ̀. Wọ́n máa ń ní ó ń lé ejò, mi ò lè gbọ́kàn lé ìyẹn, ìdí ewé tíì tó bá ti ṣú jọ, eku á fi ṣelé, ibi tí eku bá sì wà lejò ń wá.

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní London ra ìdí ewé tíì lọ́jà àwọn ará Éṣíà, ó fi í sínú kọ́ọ̀pù omi, ó yọ gbòǹgbò, ó ti wà lójú fèrèsé rẹ̀ báyìí torí òtútù ibẹ̀ á pa á níta. Efinrin ńlá ló ń wá tí kò rí.

Tèmi ti padà o. Mo ti já ẹ̀ka fún ìyá kan ládùúgbò wa kí èyí tó ṣẹlẹ̀ tó ṣẹlẹ̀, òun ló gé e padà fún mi, mo já ewé ìsàlẹ̀ dànù, mo fi í sómi, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi yọ gbòǹgbò. Efinrin màmá mi náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde kí òjò tó dá, nítorí December làwọn èèyàn máa ń ro àyíká ilé wọn de ọdún.

Èmi ni òǹkàwé yín láti Abẹ́òkúta.