Àkànní, má tíì ní kí wọ́n gbé ẹjọ́ ilẹ̀ yẹn kúrò

Àkànní ọmọ mi,

Mo gbọ́ fóìsì nóòtì tó o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ torí ariwo ọkọ̀ pọ̀ lẹ́yìn ẹ. O ní ọ̀rọ̀ náà ti sú ẹ, pé kó o máa jí laago mẹ́ta òru n'Ìbàdàn kó o tó lè bá wọn ní kọ́ọ̀tù n'Ìkòròdú, tó o bá wá débẹ̀ wọ́n á ní adájọ́ ò jókòó, wọ́n á sún ẹjọ́ síwájú, wàá tún padà wọ mọ́tò. O wá ní kí lọ́yà gbé ẹjọ́ ilẹ̀ bàbá yín wá s'Ìbàdàn, tí ìyẹn ò bá sì ṣeé ṣe, kó gbé e lọ sí Federal High Court, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀, torí ọ̀rẹ́ ẹ ní ibẹ̀ ló yá jù. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, má bínú.

Wò ó, ilẹ̀ kì í rìn. Ibi tó bá wà lẹjọ́ ẹ̀ wà. Chief Judge, àgbà adájọ́ ìpínlẹ̀ Èkó, lágbára láti mú fáìlì lọ́wọ́ adájọ́ kan fún òmíì, ó lè gbé e láti Ìkòròdú lọ s'Ìkẹjà tó bá rí ìdí ẹ̀, àmọ́ kò lè dì í fún ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ti Ọ̀yọ́ náà ò sì lè nawọ́ wá mú un. Ti Federal yẹn ńkọ́? Òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè wa ti 1999, section 251, ti ka iṣẹ́ ilé ẹjọ́ yẹn sílẹ̀, owó orí ìjọba àpapọ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ta ló nilẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti àbúrò bàbá yín ò sí níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé e débẹ̀ náà, òfin tiwọn, section 22, gbà kí adájọ́ ibẹ̀ dá a padà fún High Court ìpínlẹ̀, ẹ ti sanwó fáìlì, ẹ ti fi oṣù ṣòfò, Ìkòròdú yẹn náà lẹ tún máa bá ara yín.

Ohun tí mò ń bẹ̀rù gan-an nìyí. Kí wọ́n gbé ẹjọ́ lọ síbòmíì yàtọ̀ sí kí wọ́n lé e jáde. Tí wọ́n bá gbé e lọ, ó ṣì wà láàyè, ọjọ́ tẹ́ ẹ pè é ni wọ́n á máa kà. Tí wọ́n bá lé e jáde, ẹ máa pe tuntun, aago á sì tún máa sáré lọ. L'Ékòó ọdún 12 lòfin fún ẹni tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ ẹ̀ padà. 2015 ni àbúrò bàbá yín mọ fẹ́ǹsì síbẹ̀, ẹ̀yin sì ń wò ó níran títí di 2023 kẹ́ ẹ tó dé kọ́ọ̀tù (mo sọ nígbà yẹn, ẹ ní kí n fi ẹbí sílẹ̀, pé a kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ṣọ̀rẹ́). Ṣírò ẹ̀ fúnra ẹ, wàá rí i pé ẹ ò ní ọdún tẹ́ ẹ lè fi ṣeré.

Mo ti rí irú ẹ̀ rí nílé bàbá tèmi. Kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ kan ni wọ́n gbé ẹjọ́ ilẹ̀ wọn lọ, ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú o, lẹ́yìn tí Land Use Act ti 1978 ti ní High Court nìkan ló ń gbọ́ irú ẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi rojọ́, bàbá mi sì jàre. Ẹnì kejì pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n ní kọ́ọ̀tù yẹn ò lágbára ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀ di òfo. Àtìgbà ẹjọ́ Madukolu àti Nkemdilim ní 1962 ni Supreme Court ti sọ ọ́, tí kọ́ọ̀tù ò bá lágbára ẹ̀, bó ti wù kó gbọ́ ẹjọ́ náà dáadáa tó, asán ni. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ìyá tí ilẹ̀ ẹ̀ bá tiwa pààlà, tó mọ ibi tí igi pèrègún wà, ti kú.

Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe fara mọ́ ìwé tó o fẹ́ kọ sí Chief Judge pé kí wọ́n gba ẹjọ́ lọ́wọ́ adájọ́ yìí. O ní ó rẹ́rìn-ín sí lọ́yà tiwọn. Ẹ̀rín kẹ̀? Tó bá jẹ́ ẹbí wọn ni, tàbí tó lọ́wọ́ nínú ilẹ̀ yẹn, ó yá, kí lọ́yà kọ ọ́ tẹ̀rítẹ̀rí. Àmọ́ tí wọ́n bá gbé fáìlì fún adájọ́ tuntun, látìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n á tún gbọ́ ọ. Bàbá sọ̀fíyọ̀ tó wọnlẹ̀ yẹn ti jẹ́rìí tán lóṣù March, ẹni ọdún 81 ni, orí ìdúró ni wọ́n ti bi í ní ìbéèrè fún wákàtí méjì. Ṣé o fẹ́ lọ pè é padà ni?

Ohun tó yẹ kó o bi lọ́yà lọ́jọ́ Monday ni bóyá kọ́ọ̀tù tẹ́jọ́ wà yìí lágbára láti gbọ́ ọ lóòótọ́, torí ọ̀rọ̀ agbára kọ́ọ̀tù, wọ́n lè gbé e dìde ní Supreme Court pàápàá. Ẹjọ́ àwọn ayálégbé ṣọ́ọ̀bù tó wà ní kọ́ọ̀tù Magistrate, owó ilé ni kẹ́ ẹ fi mọ, ẹ má fi ta ló nilẹ̀ kún un níbẹ̀. Kó o sì gba CTC gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì, kọ́pì tí kọ́ọ̀tù lu òǹtẹ̀ sí. Lóṣù October 2020 tí wọ́n dáná sun kọ́ọ̀tù Igbosere l'Ékòó, ìwé àwọn èèyàn di eérú lọ́jọ́ kan.

Ti ọ̀nà tó jìn yẹn, ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ fà á. Tẹ́jọ́ bá ku ọ̀la, wá sùn nílé. Tí mi ò bá sí nílé, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Ìyá Sàká, mo máa bu ọbẹ̀ sínú fíríìjì.

Èmi ìyá ẹ ni.